Orí Keje: Gíà Ọ́tò Tí Ń Jáàkì Nínú Ọkọ̀ Àgbà, àti Bí A Ṣe Ń Wádìí Rẹ̀

Nínú orí tí ó ṣáájú èyí ni a ti ṣe àlàyé gíà afọwọ́yí, èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí gíà náà bá ń ṣàìsàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ti gíà ọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òkùnkùn ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, nínú àpótí irin tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, awakọ̀ kò sì mọ ohun kan ju pé ọkọ̀ ń lọ, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ náà, bí ó ti ń kúrò ní gíà kìn-ín-ní bọ́ sí èkejì, bá ta gìrì bí ẹṣin tí a fi kẹ́sẹ́ gún ní ìhà, tí ìpàkọ́ awakọ̀ sì gbá àga. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "gíà ń jáàkì." Òun ni orí yìí dá lé, pàápàá jù lọ bí ó ti máa ń rí nínú ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, tí ó ti sin àwọn ará òkè òkun kí ó tó gun ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Èkó, tí kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí a tó lọ jìnnà, nítorí òun ni ó mú kí n kọ orí yìí gùn ju àwọn yòókù lọ. Bí gíà bá ti ń jáàkì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ wa ni pé kí ọlọ́kọ̀ wá owó gíà tòkunbọ̀, kí a lọ rà á ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Owó ńlá ni. Wọn a sọ gíà kalẹ̀, wọn a gbé òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀ sí ipò rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ọkọ̀ á tún máa jáàkì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń ṣe é kò sí nínú gíà rárá. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀sùn tí a fi kan gíà, tí kò gbọ́ ti ẹnu ọ́ìlì, ti wáyà, ti ẹ́ńjìn àti ti ẹ́ńjìn síìtì, tí ó sì ti dá a lẹ́jọ́ pé kí a yọ gíà náà sọnù, irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo iṣẹ́ orí yìí ni láti kọ́ wa bí a ó ṣe pe àwọn ẹlẹ́rìí náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti ìta wọ inú, kí a tó mú sípánà dání.

Ohun tí ń bẹ nínú àpótí náà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gíà ọ́tò ti kọ́kọ́ di ohun tí a ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà: ní ọdún 1939 ni General Motors gbé èyí tí wọ́n pè ní Hydra-Matic jáde nínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Ẹ̀yà rẹ̀ ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láàárín ẹ́ńjìn àti gíà, nínú púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń wá sọ́dọ̀ wa, ni tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà wà, èyí tí ó dà bí fáànù méjì tí ó kọjú sí ara wọn nínú ọ́ìlì: ẹ́ńjìn ń yí ọ̀kan, ọ̀kan yẹn ń ti ọ́ìlì lu èkejì, èkejì sì ń yí gíà, ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè dúró ní D lórí bíréèkì láìkú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn eyín gíà tí a tò bí oòrùn àti àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan ní àárín, àwọn kéékèèké yí i ká, òrùka ńlá sì yí gbogbo wọn po. Èyí tí a bá dì mú nínú wọn àti èyí tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ bóyá gíà kìn-ín-ní ni ọkọ̀ wà tàbí ẹ̀kẹta. Àwọn tí ń dì wọ́n mú ni àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì, tí a tò léra bí àkàrà nínú abọ́, àti bẹ́líìtì irin tí ń fún ìlù gíà mọ́ra.

Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yí gíà, ọwọ́ kan ń jọ̀wọ́, ọwọ́ mìíràn ń dì mú, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bí ọwọ́ tí ń dì mú bá gbá a mú lójijì, ọkọ̀ á jáàkì. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dì í mú, ẹ́ńjìn á ké fàì, ọkọ̀ kò sì ní í yára sí i, èyí ni wọ́n ń pè ní "gíà ń sílípù." Àìsàn méjì ni wọ́n, wọ́n sì yàtọ̀ síra, bí ọlọ́kọ̀ tilẹ̀ máa ń pè wọ́n ní orúkọ kan náà. Ohun tí ń mú kí ìdìmú náà tù ni pisítìnì kékeré kan tí ó jókòó lórí sípíríìnì, tí í kọ́kọ́ gbé díẹ̀ mì nínú ọ́ìlì tí ń rọ́ bọ̀, tí ó fi wà gẹ́gẹ́ bí tìmùtìmù fún kílọ́ọ̀ṣì. A ó tún padà bá a ní ìkẹyìn.

Ọ́ìlì ni ọba inú ilé náà. Ọ́ìlì pupa, a-ti-irin-láìlọ́wọ́, a-gbé-agbára-kọjá-láìléjìká, a-tu-gbígbóná-lára-bí-ìrì-òwúrọ̀. Òun ni ó ń dì mú, òun ni ó ń jọ̀wọ́, òun náà ni ó ń fọ̀ tí ó sì ń tù. Bí ó bá dín, bí ó bá jóná, tàbí bí a bá gbé àjèjì sórí oyè rẹ̀, ilé á tú.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè ní ilẹ̀ tí yóò dúró lé, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ: Toyota Camry ti ọdún 1992 sí 1996, tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Orobo nítorí bí ara rẹ̀ ti sanra, èyí tí ó ní ẹ́ńjìn lítà 2.2 àti gíà A140E oní-gíà mẹ́rin. Mo yàn án nítorí pé ó dúró sí ààlà ayé méjì. Ó ní wáyà tí ń ti ibi tọ́tù lọ sí ara gíà gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ó sì ní sólẹ́nọ́ìdì, èyíinì ni fáàfù kékeré tí iná ń ṣí tí ó sì ń pa, àti bíréènì, kọ̀ǹpútà tí ń pàṣẹ fún un, bí ti àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè ṣáájú sípánà

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí a bi ọlọ́kọ̀ bóyá òwúrọ̀, nígbà tí gbogbo irin ṣì tutù, ni gíà ń jáàkì, tàbí lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èyí tí ń ṣe é ní òwúrọ̀ tí ó sì ń lọ bí ara bá yá, ó máa ń tọ́ka sí ọ́ìlì tí ó ti gbó tàbí rọ́bà inú gíà tí ó ti le. Èyí tí kì í ṣe é àfi bí ara bá gbóná, a máa ń fura sí ọ́ìlì tí ó ti ṣàn jù, tàbí sí sólẹ́nọ́ìdì tí wáyà inú rẹ̀ ń já nígbà tí ooru bá mú un. Kí a bi í léèrè bóyá gíà kan ṣoṣo ni tàbí gbogbo wọn, nítorí bí gbogbo gíà bá ń gbá ni lẹ́yìn bákan náà, kò dájú pé gbogbo kílọ́ọ̀ṣì ni ó bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ohun kan tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn ni ó ti yí padà, èyíinì ni agbára tí a fi ń ti ọ́ìlì. Kí a sì béèrè èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀: kí ni a ṣe sí ọkọ̀ yìí kẹ́yìn kí ó tó bẹ̀rẹ̀?

Orobo kan wá sọ́dọ̀ mi rí, ti màmá kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́. Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ méjì, àwọn méjèèjì sì ti dá ẹjọ́ ikú fún gíà rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n bá yín ṣe sí ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn kí gíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì?" Wọ́n ronú títí. "Kò sí o, ọ̀gá. Wọ́n kàn bá mi fọ ibi tọ́tù ẹ̀ ni, torí ó máa ń kú bí mo bá dúró." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi í sọ́kàn. A ó rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀rí ọ́ìlì

Ọ́ìlì ni ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní, kò sì ná ni ní nǹkan kan ju àkísà mímọ́ lọ. Kí a wa ọkọ̀ títí ara gíà yóò fi gbóná, kí a gbé e sí ilẹ̀ títẹ́jú; kí ẹ́ńjìn máa ṣiṣẹ́, kí a tẹ bíréèkì, kí a mú ọwọ́ gíà láti P lọ kan L ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀, kí a sì dá a padà sí P. Nígbà náà ni a ó fa géèjì yọ, a ó nù ún, a ó kì í bọ̀ ọ́, a ó tún fà á yọ láti kà á. Ibi tí a kọ HOT sí ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé, kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí i. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn: nínú ọ̀pọ̀ Honda, a ní láti pa ẹ́ńjìn kí a tó fa géèjì, ẹni tí ó bá sì mú ìlànà Toyota lọ síbẹ̀ yóò ka irọ́.

Kí a kán ọ́ìlì náà sórí bébà funfun. Bí ó bá pupa tí ó sì mọ́ gaara, ara rẹ̀ dá. Bí ó bá ti di àwọ̀ igi, ṣùgbọ́n tí kò rùn, ó gbó ni. Bí ó bá dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì ti fi ara wọn sínú rẹ̀. Bí ó bá sì rí bí tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí a ó kọ́kọ́ wò ju inú rèdíétọ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni páìpù tí ń tu ọ́ìlì gíà lára gbà kọjá. Bí páìpù náà bá lu, omi àti ọ́ìlì á pàdé, omi á sì máa tú gọ́ọ̀mù tí ó so awọ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ irin. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́ ní ọjọ́ náà.

A140E ní ohun kan tí ó ti kó ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sí ìyọnu. Dífùrẹ́ǹṣà rẹ̀ ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ó ń gba lítà 1.6, tí a sì ń tú láti ojú ihò tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni géèjì gíà kò lè sọ fún ni bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ti gíà gan-an jẹ́ nǹkan bí lítà 5.6, ṣùgbọ́n bí a bá tú u, nǹkan bí lítà 2.5 péré ni yóò jáde, nítorí tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà di ìyókù mú sínú. Ẹni tí ó bá tú u lẹ́ẹ̀kan kò tíì pààrọ̀ ọ́ìlì dé ìdajì. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ń tú u ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọkọ̀ sì rìn ní ọjọ́ mélòó kan láàárín wọn. Èmi kò fara mọ́ kí a fi ẹ̀rọ fọ gíà àgbà ní agbára, nítorí ìdọ̀tí tí ó ti jókòó láti ọdún pípẹ́ lè dìde lọ dí ojú àwọn ihò tóóró. Dexron ni irú ọ́ìlì tí àwọn tí ó ṣe é kọ fún un, ti èkejì tàbí ti ẹ̀kẹta. Ọ́ìlì ẹ́ńjìn kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá sì ti dúdú tí ó ń rùn, tí gíà náà sì ń sílípù, kí oníṣẹ́ sọ òtítọ́ fún ọlọ́kọ̀ kí ó tó gba owó ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tuntun kì í dá awọ tí ó ti jẹ tán padà sára kílọ́ọ̀ṣì.

Àwọn afura tí ń bẹ níta

Kí a wo ẹ́ńjìn síìtì, ìjókòó tí ẹ́ńjìn gbé lé, èyí tí rọ́bà rẹ̀ máa ń já nínú ọkọ̀ àgbà. Kí ẹnìkan tẹ bíréèkì, kí ó sì máa ti N bọ́ sí D àti sí R, kí òmíràn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó máa wo ẹ́ńjìn láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Bí ẹ́ńjìn bá fò sókè tí ó sì gbá gbì, a ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn. Kí a gbọ́ bí ẹ́ńjìn ti ń sáré ní ìdúró, nítorí bí ó bá yára jù, kò sí bí D kò ṣe ní í gbá ni bí ó bá wọlé. Kí a wo pọ́lọ́ọ̀gì pẹ̀lú: ẹ́ńjìn tí iná kò tan dáadáa nínú sílíńdà kan máa ń mì ní àkókò tí gíà ń yí, awakọ̀ á sì gbà pé gíà ni.

Wáyà tọ́tù

Ibi tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí pẹ́ jù lọ nìyí. Láti ibi tọ́tù lórí ẹ́ńjìn Orobo, wáyà kan sọ̀kalẹ̀ lọ sínú gíà, yàtọ̀ sí wáyà tí ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ awakọ̀. Ìròyìn ni ó ń gbé. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù jinlẹ̀, wáyà náà á fà, gíà á mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀, á sì fi agbára kún agbára tí ó fi ń ti ọ́ìlì kí kílọ́ọ̀ṣì lè dì mú ṣinṣin. Bí awakọ̀ bá rọra tẹ̀ ẹ́, wáyà á dẹ̀, ìdìmú á sì rọ̀. Bí a bá wá fa wáyà náà le jù, irọ́ ni yóò máa pa fún gíà ní gbogbo ìgbà pé ẹrù wúwo, ọkọ̀ á sì máa gbá ni lẹ́yìn ní gíà gbogbo. Bí ó bá dẹ̀ jù, gíà á máa yí tètè, á máa yí rọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kọ̀ á fi máa yìn ín, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lábẹ́lẹ̀, ó sì ń jóná. Nínú àṣìṣe méjèèjì, èyí tí ó tu ni lára ni ó burú jù.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro. Kí ẹnìkan tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìn kò ṣiṣẹ́, kí a rí i dájú pé ojú tọ́tù ṣí tán, kí a wá wo àlàfo tí ó wà láàárín ẹnu rọ́bà wáyà náà àti ìdènà kékeré tí ó wà lára rẹ̀: òdo sí mìlímítà 1 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Nọ́ọ̀tì méjì ni a fi ń tún un ṣe.

Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ màmá olùkọ́, mo rí i pé ẹni tí ó fọ ibi tọ́tù rẹ̀ ti tú wáyà yìí kí àyè lè gbà á, nígbà tí ó sì ń dá a padà, ó fà á gbọọrọ. Mo tún un ṣe ní ìwọ̀n, a wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká, ó sì ń ti gíà kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni ń fi ọwọ́ pa òróró. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ológbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Gbígbá tí gíà náà ń gbá màmá lẹ́yìn, ìlù ni, orúkọ wáyà ni ó sì ń pè láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Iná, sólẹ́nọ́ìdì àti bíréènì

Lórí A140E, sólẹ́nọ́ìdì méjì ni ó ń pín gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí iná bá wà lára ti kìn-ín-ní nìkan, gíà kìn-ín-ní ni. Bí ó bá wà lára àwọn méjèèjì, èkejì ni. Bí ó bá wà lára ti kejì nìkan, ẹ̀kẹta ni. Bí kò bá sí lára ìkankan, ẹ̀kẹrin ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ èyí sórí, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ó mọ ìdí tí ọkọ̀ tí wáyà sólẹ́nọ́ìdì rẹ̀ já fi ń ṣí pẹ̀lú ìnira bí ẹni gbé òkè: gíà gíga ni ó fi ń ṣí.

Nínú àwọn Orobo tí a ṣe kí ọdún 1996 tó dé, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè sọ àrùn rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. A ó fi wáyà kúkúrú so TE1 pọ̀ mọ́ E1 nínú àpótí ìdánwò tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láìjí ẹ́ńjìn, bọ́tìnnì O/D, ti gíà kẹrin, á wà ní títẹ̀, a ó sì máa ka bí iná O/D OFF ti ń ṣẹ́jú. Bí ó bá ń ṣẹ́jú léraléra láìdánudúró, kò rí nǹkan kan sọ. Bí ó bá ṣẹ́jú mẹ́fà, tí ó sinmi, tí ó tún ṣẹ́jú méjì, 62 ni, sólẹ́nọ́ìdì kìn-ín-ní ni ó ń fi sùn. 63 jẹ́ ti èkejì, 64 jẹ́ ti èyí tí ń di tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà pa, 42 àti 61 sì jẹ́ ti àwọn tí ń ka ìsáré ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí bíréènì mọ̀ kò ju pé iná kò lọ bí ó ti yẹ kí ó lọ. Bóyá sólẹ́nọ́ìdì ni ó kú, bóyá eku ni ó jẹ wáyà, kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni a ó ṣe fi mítà wọn sólẹ́nọ́ìdì fúnra rẹ̀: bí ó bá tutù, 11 sí 15 ọ́ọ̀mù ni ó yẹ kí ó kà. Kí a tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ara gíà bá gbóná, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣàìsàn àfi nínú ooru.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí a yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà sólẹ́nọ́ìdì kúrò lára gíà, kí a sì wa ọkọ̀ náà ní ọ̀nà tí kò sí èrò. Bíréènì kò ní ẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ awakọ̀ ni ó kù: ní L, gíà kìn-ín-ní ni yóò wà, ní 2, ẹ̀kẹta, ní D, ẹ̀kẹrin. Bí ọkọ̀ bá ṣí pẹ̀lú agbára ní L, tí ó sì dì mú láìyọ̀ ní 2 àti ní D, ó ti jẹ́rìí pé ọ̀pọ̀ nínú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì wà láàyè, ìdí iná ni kí a sì lọ wá. Bí ó bá ṣì ń yọ̀, rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, kò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ibi tí ìdánwò yìí kù sí ni pé kò fi gíà kejì hàn wá; nítorí náà, jáàkì tí ó wà láàárín kìn-ín-ní àti èkejì nìkan, ó kọjá agbára rẹ̀.

Ìdánwò agbára

Àwọn ìdánwò méjì tí ó kù gba ìṣọ́ra, nítorí ẹ̀mí ènìyàn àti ẹ̀mí gíà wà nínú wọn. Èkíní rọrùn: kí ọ́ìlì gbóná, kí ẹ́ńjìn wà ní ìdúró, kí a ti N bọ́ sí D, kí a sì fi aago ka àkókò tí ó gbà kí a tó mọ̀ ọ́n lára. Kò yẹ kí ó tó ìṣẹ́jú àáyá 1.2, láti N sí R, kò yẹ kí ó tó 1.5. Èyí tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ̀rọ̀ agbára ọ́ìlì tí kò tó tàbí kílọ́ọ̀ṣì tí ó ti jẹ. Nínú èkejì, a ó fi òkúta dí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó fa bíréèkì ọwọ́, a ó tẹ ti ẹsẹ̀ dé ilẹ̀, a ó wá tẹ tọ́tù tán ní D láti mọ ibi tí ìsáré ẹ́ńjìn yóò dúró sí. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìn bá sáré kọjá ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà kọ, ohun kan ń yọ̀ nínú. Bí kò bá dé ìwọ̀n, ẹ́ńjìn ni kò lágbára, tàbí tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà ni. Èmi kì í ṣe é fún ọkọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ ti dúdú, nítorí kò bójú mu kí a fi ìdánwò pa aláìsàn.

Nígbà tí ọ̀nà bá já sí inú

Bí gbogbo ẹlẹ́rìí wọ̀nyí bá ti sọ tiwọn, tí jáàkì sì wà síbẹ̀ láàárín gíà méjì kan ṣoṣo, a tó wá sọ páànù ìsàlẹ̀ kalẹ̀. Ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ lára mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kò burú, ọjọ́ orí ni. Ègé irin tí ó ń dán ni ó burú. Kí a fọ asẹ́ ọ́ìlì, kí a yọ fáàfù bọ́dì, ilé àwọn fáàfù tí ń darí ọ́ìlì, kí a wò ó bóyá àwọn fáàfù rẹ̀ ń lọ tí wọ́n sì ń bọ̀ nípa ìwúwo ara wọn nìkan. Kí a sì yọ àwọn pisítìnì tìmùtìmù tí a ti dárúkọ lókè, nítorí sípíríìnì wọn a máa ṣẹ́, rọ́bà wọn a sì máa gbó, bẹ́ẹ̀ ni owó wọn kò tó ìdá kékeré nínú owó gíà tòkunbọ̀. Kí a to gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ funfun ní bí a ti yọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí a ya àwòrán wọn, nítorí sípíríìnì méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì kí iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Wá Orobo kan tí ara rẹ̀ dá, kí o sì ka géèjì rẹ̀ ní òtútù àti ní gbígbóná. Kọ ìyàtọ̀ tí o rí sílẹ̀. Wọn àlàfo wáyà tọ́tù rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ wò ó kí o tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà, dáhùn èyí láìwo ìwé: ọkọ̀ kan ń ṣí pẹ̀lú ìnira, iná O/D OFF ṣẹ́jú mẹ́fà, ó sinmi, ó ṣẹ́jú méjì, mítà sì ka 13 ọ́ọ̀mù lára sólẹ́nọ́ìdì náà ní òtútù, ohun méjì wo ni ìwọ yóò tún wò kí o tó ní kí ọlọ́kọ̀ ra sólẹ́nọ́ìdì tuntun?